Páànù Ìlẹ̀kùn Ferris

Àìkú, 1 oṣù Kẹsàn-án

Oòrùn ń jó ni lórí bíi pé a ṣẹ̀ ẹ́. Mo parí táìlì balùwẹ̀ lónìí, èmi nìkan, lórí orúnkún. Mo ti fẹ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kí àga onítáyà Odell lè gbà á kọjá. Obìnrin ilé ìtọ́jú ní òun á wá wo ilé nínú oṣù Kọkànlá, bí ohun gbogbo bá dára, ọkọ mi á wálé wá jẹ tòlótòló ọdún Ìdúpẹ́ lórí tábìlì ara rẹ̀. Odell ní òun ò fẹ́ kú síbi tí wọ́n ti ń pe òun ní "Yàrá Kẹrìndínlógún". Mo ní kò ní kú síbẹ̀. Mo ti ṣèlérí, ó parí.

Adìẹ tún ti gbówó lórí. Orúnkún mi bó.

Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹsàn-án

Ferris pè láti Michigan. Bí oṣù karùn-ún bá ti dé ló máa ń sá fún ooru lọ sọ́hùn-ún, òun àti àwọn onílé mìíràn tó ń gbé òkè, wọ́n á kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń ṣọ́ ilé wọn láìgba sẹ́ǹtì kan.

"Marlys, ṣé o ń da omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mi? Kò gbọdọ̀ gbẹ o."

"Mò ń dà á."

"Odell ńkọ́?"

Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Odell ńkọ́! Ta ló kọ lẹ́tà sí àjọ àwa onílé tí a jọ ni ilé alájà yìí nínú oṣù kẹrin pé pákó gẹ̀rẹ́ tí mo kàn sẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀ fún àga onítáyà ọkọ mi ń ba ẹwà ilé jẹ́? Òun ni. Gaylon, alága wa, ní òfin ni òfin, ni wọ́n bá tú pákó náà. Ní ọjọ́ kẹta Odell já lulẹ̀ níbẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Mo gbọ́ nígbà tó ṣẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kun màlúù nílé iṣẹ́ ẹran, kò sẹ́ni tó lè júwe ìró egungun fún mi. Bí mo bá ti rántí, ọwọ́ mi á máa wá ọ̀bẹ.

Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kẹsàn-án

Ìjì ń bọ̀. Ottoline ni wọ́n sọ ọ́. Rédíò ní kí gbogbo ará etíkun kó jáde. Wọ́n ti kó Odell àti àwọn ará ilé ìtọ́jú lọ sí ìlú tó jìnnà sómi. Èmi ò lọ. Àwọn tó lọ lọ́dún kẹta sẹ́yìn, ọjọ́ mọ́kànlá ni ọlọ́pàá ò fi jẹ́ kí wọ́n padà wọlé.

Eusebio tó ń tún ilé ṣe gba ìsàlẹ̀, èmi gba òkè. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbé páànù ìjì, tí mò ń to ó mọ́ ojú ìlẹ̀kùn gíláàsì lórí fàráǹdà ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mò ń fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì rẹ̀. Inú oṣù kẹfà ni Eusebio pààrọ̀ gbogbo bóòtù, wọ́n ń yí wẹ́rẹ́. Ọmọ náà mọṣẹ́.

Ilé Ferris ló kẹ́yìn, ó wà lórí tèmi gan-an, lábẹ́ òrùlé. Páànù mẹ́fà, iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò ìlẹ̀kùn. Mo tún gbọ́ egungun yẹn. Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo sọ̀kalẹ̀.

Eusebio bi mí ní ìsàlẹ̀ pé, "Mà, ṣé ti òkè ti parí?"

Mo ní ó ti parí. Kí Ferris àti afẹ́fẹ́ jọ yanjú rẹ̀.

Ẹtì, 27 oṣù Kẹsàn-án

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Aago kan ọ̀sán àná ló bẹ̀rẹ̀. Inú bàáfù ni mo dùbúlẹ̀ sí, mo fi mátírẹ́ẹ̀sì bo ara mi. Gbogbo ilé ń mì. Àwọn ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ń kọlu ara wọn, igi ọ̀pẹ kan fò kọjá lójú fèrèsé kékeré tòun ti gbòǹgbò. Mo ké, n kò gbọ́ ohùn ara mi.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, gíláàsì Ferris fọ́ lókè mi. Ó dún bí ìbọn. Afẹ́fẹ́ wọlé sí i, kò rí ọ̀nà jáde, ló bá gba òrùlé. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa òrùlé ya, ìṣó kan lẹ́yìn ìṣó kan, bí ìgbà tí à ń bó awọ lára ẹran. Lẹ́yìn náà ni omi dé. Àjà tèmi kọ́kọ́ wú, ó so rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀ bí ikùn màlúù tó ti kú lọ́jọ́ mẹ́ta, ó bẹ́. Ó já lé bẹ́ẹ̀dì tuntun tí mo rà fún Odell. Ó já lé kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná, ó já lé gbogbo nǹkan. Òrùlé apá ọ̀dọ̀ wa ti lọ, omi gba ilé mẹ́fà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kọjá dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

Inú bàáfù yẹn ni mo wà tí mò ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Mo mọ ẹni tó fà á.

Àìkú, 29 oṣù Kẹsàn-án

Kò sí iná, kò sí omi, ẹlifétọ̀ tó ń gbé wa gòkè ti kú. Ooru àti ẹ̀fọn. Àpò yìnyín kan di dọ́là mẹ́sàn-án, àwọn ọkùnrin méjì sì na ara wọn dójú ẹ̀jẹ̀ nítorí rẹ̀ níwájú ilé epo.

Bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ṣe ògiri ilé ti ń bu, ó ti ń rùn. Ẹni tó bá ti rí ìjì rí mọ̀ pé kíá lèèyàn ń gé e dànù. Mo gbé ọ̀bẹ iṣẹ́ mi, mo gé e láti ilẹ̀ dé àyà. Mo ń wọ́ ọ jáde ni Gaylon dé, pẹ̀lú ìwé òfin àjọ lábẹ́ abíyá.

"Marlys, dúró ńbẹ̀! Bọ́ọ̀dù yẹn kì í ṣe tìẹ."

"Inú ilé mi ló wà."

"Gbogbo wa la ni bọ́ọ̀dù, adójútòfò àjọ ló ń sanwó rẹ̀. Ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ nìkan ni tìẹ, tí adójútòfò tìẹ ń san."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wá fi eyín ha ọ̀dà mi sílẹ̀, kí o gbé tiyín lọ."

"O ò ní yéé bú èèyàn."

"Táìlì ńkọ́?"

"Tìẹ ni. Kọnkéré abẹ́ rẹ̀ ni tiwa."

Mo ju bọ́ọ̀dù náà sísàlẹ̀ láti orí fàráǹdà, díẹ̀ ló kù kó bà á. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé ibí, bí mo bá tutọ́ nílé ara mi n kò mọ adójútòfò tó ni ín.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Kẹwàá

Mo rí Odell lórí fóònù dókítà kan. Ó ní, "Ilé ńkọ́?" Mo ní omi kan wọlé díẹ̀. Díẹ̀!

Àbámẹ́ta, 5 oṣù Kẹwàá

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò mi rán ẹni wá wo ohun tó bàjẹ́. Renata lorúkọ rẹ̀, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ya àwòrán gbogbo nǹkan, ó gun òkè lọ wo ilé Ferris, ó sọ̀kalẹ̀ tòun tẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ mọ̀. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló fọ́ ilé kí òjò tó wọlé, a ó san owó yín. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, a ò ní san. Ìlẹ̀kùn òkè yẹn, afẹ́fẹ́ ti gbé férémù rẹ̀ gan-an lọ. N kò lè dá mọ̀ ọ́n."

"Ferris kì í fi nǹkan sílẹ̀ ní ṣíṣí."

"Ẹ̀yin lẹ kúkú máa búra sí i. Alága yín sọ pé ẹ̀yin lẹ ti gbogbo òkè. Ṣé ẹ wọ ibẹ̀? Ṣé ó wà ní títì, tẹ́ ẹ sì gbé páànù lé e?"

Mo mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò la ẹnu.

"Ó ti tán nìyẹn. Ẹ ó wá búra sí i ní ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ kọkànlélógún. Káfíńtà á lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì."

Lẹ́yìn tó lọ mo wọn balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni iṣẹ́ náà bí owó bá wà. Odell á lè wálé.

Àbámẹ́ta, 12 oṣù Kẹwàá

Ferris dé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè, ó ń tẹ gíláàsì fọ́. Nígbà tó kan ìlẹ̀kùn mi, mo mú òòlù dání kí n tó ṣí i.

Ó wo òòlù náà. Ó ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀. Páànù mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo bá nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n tò jẹ́ẹ́."

Mo gbé òòlù náà kalẹ̀.

"Mo mọ ìdí rẹ̀. Má yọ ara ẹ lẹ́nu, mo ti gbé wọn sínú òkìtì pàǹtí, ọkọ̀ ìjọba ti kó wọn lọ láàárọ̀ yìí."

"Kí ló dé tí o ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Nítorí èmi náà ò rántí bóyá mo ti ìlẹ̀kùn ọ̀hún nígbà tí mò ń lọ!" Ojú rẹ̀ pọ́n. "Adójútòfò tèmi náà ń bi mí. O wọlé, o bá a ní títì, o gbé páànù lé e, ìjì já a. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Wọ́n á sanwó fún ẹ, wọ́n á sanwó fún mi. Ṣé o fẹ́ kí Odell wálé àbí o ò fẹ́?"

"Má fi ẹnu ẹ pe orúkọ ọkọ mi."

"Ṣé o fẹ́ àbí o ò fẹ́?"

Mo ní mo fẹ́. Èmi àti Ferris wá di ẹgbẹ́ kan náà.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Kẹwàá

Ìpàdé onílé, níbi ìgbọ́kọ̀sí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nítorí gbọ̀ngàn ṣì ń rùn. Àwọn ará òkè ti dé tán, inú sì ń bí gbogbo wọn. Adójútòfò àjọ ò ní san apá àkọ́kọ́ nínú owó òrùlé, olúkúlùkù ló máa dá a, ó sì pọ̀ ju owó tí ẹlòmíràn fi ra ọkọ̀.

Gaylon gun orí àpótí. Ó ní Marlys gbé gbogbo páànù, Marlys kì í sì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan. Bí páànù bá wà lójú ìlẹ̀kùn Ferris tí ìjì sì já a, bóòtù ni kò dára. Ta ló fi bóòtù sí i?

Gbogbo ojú yí sí Eusebio. Ó dúró lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. N kò ronú débẹ̀ rí. Kí Ọlọ́run gbọ́, n kò ronú pé irọ́ mi á wá ẹni tí yóò gùn.

"Bóòtù yẹn dára, ọ̀gá," ni Eusebio wí. "Mo fi sípánà oníwọ̀n dì wọ́n le ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Olè!" ni ẹnì kan ké. "Ó ra ayédèrú, ó jẹ owó tó kù!"

Wọ́n ya bò ó. Obìnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa, tó máa ń hun súwẹ́tà fún ọmọ ọmọ rẹ̀, fi bàtà gbá a lẹ́nu. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọkọ̀. Ó nawọ́ di táyà náà mú láti dìde, Ferris sì fi irin tí wọ́n fi ń tú táyà lu ọwọ́ ọ̀hún mọ́lẹ̀. Mo rí ojú Ferris. Ó mọ̀ pé ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan, ó sì tún gbé irin náà sókè. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí gbogbo èèyàn gbà gbọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ló lù ú tí mo dúró tí mò ń wò. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà parọ́ fún ìwé náà: mo dúró, mo ń ro ti táìlì.

Ìgbà tó máa lù ú lẹ́ẹ̀kejì ni mo dì í lọ́rùn ọwọ́. Mo mọ ibi tí oríkèé ti ń yà, mo ti ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Mo yí i, mo sì fi orúnkún tì í. Ó dún. Ferris ké bí ẹran, irin bọ́, mo gbé irin náà, mo ní ẹni tó bá tún sún mọ́ ọmọ yìí, màá là á sí méjì. Wọ́n rí i lójú mi pé mi ò ṣàwàdà, wọ́n sì padà sẹ́yìn.

Ọlọ́pàá dé. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan.

Ẹtì, 18 oṣù Kẹwàá

Mo gbé Eusebio lọ sí ọsibítù. Ìka méjì ti rún, eyín kan ti lọ. Akọ̀wé bi í pé adójútòfò wo ló ní. Kò ní ọ̀kankan. Gbogbo wa tí à ń jà lórí ta ló ni ọ̀dà ta ló ni bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan bo ọmọ tó ń tún un ṣe.

Ó ń sọ̀rọ̀ láti inú ẹnu wíwú. "Mà, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbà mí sílẹ̀."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Màá dúpẹ́ o. Màmá mi á gbọ́ orúkọ yín."

Mo jáde lọ sínú ọkọ̀ mi, mo fi orí gbá ìdarí ọkọ̀ títí ó fi wú.

Ajé, 21 oṣù Kẹwàá

Mo búra. Renata tẹ ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀.

"Mà, ṣé ẹ wọ ilé òkè kí ìjì tó dé?"

"N kò wọ ibẹ̀."

Ó gbé ojú sókè. "Ẹ ti mi orí fún mi lọ́jọ́sí pé ẹ wọ ibẹ̀."

"Irọ́ ni mo fi orí pa. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà. N kò mọ̀ bóyá ìlẹ̀kùn gíláàsì wà ní títì. Kò sí páànù níbẹ̀. Bóòtù Eusebio ò jẹ̀bi, kò sí ohun tí wọ́n dì mú."

"Kí ló dé tí ẹ padà?"

"Mo kórìíra onílé náà. Mo ṣì kórìíra rẹ̀."

Ó ní, "Ṣé ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí máa ṣe fún yín?"

Mo ní mo mọ̀. Mo sọ ti páànù tí Ferris kó dànù náà. N kò fi nǹkan kan sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 30 oṣù Kẹwàá

Lẹ́tà dé. Wọn ò ní san.

Ẹ̀dà ìbúra mi ti dé ọwọ́ Gaylon. Wọ́n ti fọ́ gíláàsì ọkọ̀ mi. Ẹnì kan da ikùn ẹja síwájú ìlẹ̀kùn mi, ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ sì tutọ́ sí mi lára lórí àtẹ̀gùn. N kò nu ún títí mo fi wọlé. Òun ló ni òótọ́ ibẹ̀, yàrá ọmọ rẹ̀ ni omi gbà.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ti Ferris ò ṣe mí. Ó ti pè mí lẹ́jọ́, ó fi báńdéèjì gbé apá kọ́rùn wá fún mi ní ìwé ẹjọ́ náà. Mo bi í bóyá apá ń dùn ún, ó ní ó ń dùn ún. Mo ní ó dára.

Ẹtì, 15 oṣù Kọkànlá

Obìnrin ilé ìtọ́jú wá wo ilé. Kò sí ògiri ju òpó irin lọ, kò sí àjà, ilẹ̀ jẹ́ kọnkéré lásán àfi balùwẹ̀. Ó ní, "Màmá, n kò lè fọwọ́ sí i." Mo ní kó fún mi ní ìwé tí èèyàn ń fọwọ́ sí bó bá fẹ́ mú ẹni rẹ̀ lọ láìka ìkìlọ̀ wọn sí. Ó wò mí títí. Ó fún mi.

Ọjọ́rú, 27 oṣù Kọkànlá

Odell wálé. Ẹlifétọ̀ ṣì kú. Mo ti ń rò pé màá wọ́ ọ gun àtẹ̀gùn fúnra mi ni Eusebio yọ, ìka rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Ó ti ka ìbúra náà. Kò wo ojú mi, kò pè mí ní mà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Odell, ó ní, "Bàbá, ẹ gùn mí lẹ́yìn." Ó gbé e gun òkè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbé e ka àga, ó lọ.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù Kọkànlá

Ọdún Ìdúpẹ́. Mo yan ẹsẹ̀ tòlótòló kan lórí sítóòfù gáàsì kékeré. A jẹun láàárín òpó irin. Odell ń wo òkè, níbi tí páìpù Ferris ti hàn síta.

Ó ní, "Omi díẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti kọ́kọ́rọ́, mo sọ ti egungun tí mo gbọ́. Mo ní torí tìẹ ni.

Ó fi fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Má fi lé mi lórí, Marlys. Egungun mi ló ṣẹ́, èmi ò sì rán ẹ níṣẹ́. Ferris nìkan kọ́ ló ń gbé abẹ́ òrùlé yẹn. Ọmọdé wà nísàlẹ̀."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ẹtì, 29 oṣù Kọkànlá

Kò sọ̀rọ̀. Mo wẹ̀ fún un, mo wọ aṣọ fún un, kò sọ̀rọ̀. Òtútù ti ń mú lórí kọnkéré.

Àbámẹ́ta, 30 oṣù Kọkànlá

Òjò rọ̀ láàárọ̀, tápólì tó wà lórí ilé Ferris gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo ń nu èyí tó wọlé ni mo gbọ́ àga onítáyà lẹ́yìn mi.

Odell bi mí bóyá tòlótòló ṣì kù.

Mo ní ó kù díẹ̀. Ó ní kí n gbé e wá, kí n mú àwo méjì.